Omi Dúdú Nídìí Dóńgóyárò

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé já ní koro. Ṣùgbọ́n kí Ọba Òkè má jẹ́ kí á fi òwe àgbà gún ará ilé wa lọ́bẹ, nítorí òwe yìí gan-an ni wọ́n fi tú ilé Raqeebah ká ní Madina, níhà àríwá Accra.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, bí oòrùn ti ń wọ̀, ẹyẹ kan bà sórí igi dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Lọ́sàn-án Àlàmísì, gìrì mú Nasrullah, ọmọ oṣù méje, lórí ẹsẹ̀ Raqeebah ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gan, ó yí ojú sókè, ojú róbótó tí tìróò àárọ̀ ṣì ń dán létí rẹ̀. Kí wọ́n tó rí takisí dá dúró, ó ti dákẹ́. Ara rẹ̀ kò gbóná lánàá, kò já bọ́ láti orí ibùsùn, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló rántí ẹyẹ.

Raqeebah kì í ṣe ẹni tí ayé kò mọ̀. Hajia Tìróò ni wọ́n ń pè é ní Makola. Ojú Ẹwà ni orúkọ tìróò rẹ̀, inú agolo kékeré onídèérí aláwọ̀ ewé ló wà. Ó ń lọ sí Kumasi, ó ń lọ sí Cotonou, àwọn arìnrìn-àjò sì ń kó o sínú báàgì lọ sí London. Ọdún méje sẹ́yìn, inú yàrá kan ṣoṣo ní Alajo ló ti ń fi odó kékeré gún òkúta tìróò, tó ń fi àtẹ gbé e kiri. Mísbáù ọkọ rẹ̀ ń ta táyà àlòkù ní Abossey Okai nígbà náà. Gààrí abọ́ kan ni àwọn méjèèjì jọ ń mu, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín títí onílé á fi gbá ògiri mọ́ wọn. Lónìí, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìlọta ńlá ń kùn lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Alajo kò bá wọn kó ẹrù wá sí Madina.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé tuntun ni oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Abdul-Rahim, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ń ka Fàtíà láì kọsẹ̀, wá di ẹni tí inú ń run, tó ń bì, tó ń gbàgbé lónìí ohun tó mọ̀ lánàá. Nasrullah tí Ọlọ́run fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún náà ló tún lọ yìí. Àwọn obìnrin á dì mọ́ ọn ní Makola, wọ́n á ní, "Hajia, kí Ọlọ́run ṣe mí bíi tiyín." Òun náà á ṣe àmín, ojú á sì máa tì í nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó gbé àpótí aláràbarà lérí tó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ pé òfìfo ni. Ta ni yóò sọ fún pé òun kò láyọ̀? Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọlọ́rọ̀ kì í ké ebi láàárín ọjà.

Ẹnu ayé ló bá a sọ ọ́. Nídìí oníwaakye, ìyẹn oníìrẹsì ẹlẹ́wà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: "Àwọn àgbà inú ilé yẹn ló gba ayọ̀ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi owó sílẹ̀ fún un kó máa fi ṣeré."

Àgbà kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé náà: Nàfísátù, ìyá Mísbáù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ, Abíọ́lá, ẹ̀gbọ́n Raqeebah tó ń ta aṣọ ní Alajo, wá jókòó tì í lórí ibùsùn.

"Àbúrò mi, ta ló ń wẹ ọmọ yẹn?"

"Ìyá Àgbà ni."

"Bí o bá lọ Makola, ta ló ń pọ̀n ọ́n?"

"Ìyá Àgbà náà ni."

"Ta ló ń kanra sí iṣẹ́ tó sọ ọ́ dènìyàn?"

Raqeebah yí ojú sí ògiri.

"Èmi kò dárúkọ ẹnì kan o," Abíọ́lá wí, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ìbéèrè ni mo ń béèrè. Ìbéèrè kì í pa ènìyàn."

Wọn kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí ìborùn bo imú.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí, nítorí oríkì ni ó máa ń fi pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, "ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé tán, ẹ ti tan ẹ̀rọ."

"Ìyá, àwọn oníbàárà Kumasi ń dúró."

"Eruku rẹ̀ wà lórí ọbẹ̀. Ó wà lórí ìrọ̀rí ọmọ. Mo nu fèrèsé láàárọ̀, ó tún ti dúdú. Nígbà tiwa, bí ọdún bá dé la máa ń lé tìróò fún ọmọdé, fín-ín báyìí, bí ìlà ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ̀yin ń kùn ún fún wọn láàárọ̀, ẹ tún ń kùn ún nírọ̀lẹ́, bí ẹni kun ilé."

"Ìyá, àwòrán àwọn ọmọ mi ló wà lára agolo. Bí ayé bá rí ojú wọn lásán, ta ni yóò ra tìróò lọ́wọ́ mi?"

"Ṣé ọmọ lo bí ni, àbí pátákó ọjà?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Raqeebah bí ata. Ó dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ má bínú o, Ìyá. Láti òní lọ, ẹ má fọwọ́ kan ojú Abdul-Rahim mọ́."

Ìyá Àgbà wò ó, ó wo Abíọ́lá, ó yí padà. Abíọ́lá yọ ètè sí i lẹ́yìn. "O ṣáà gbọ́. Ìlara kì í fara pa mọ́ ju báyìí lọ."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i. Raqeebah jí láti ṣe àlùwàlá ìrun àsùbá, ó gbọ́ ohùn kan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ nínú yàrá Abdul-Rahim. Ó rọra yọjú. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ ti ibùsùn, abọ́ omi wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó tẹ orí sún mọ́ ojú ọmọ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ohun tó ń sọ ni pé, "Àkànní ọmọ a-rìnnà-jíjìn-kérè-bọ̀, ọmọ ẹni tó la odò mẹ́ta kọjá tí bàtà rẹ̀ kò tutù, jí kí o rí mi, jí kí ojú rẹ mọ́." Oríkì ni. Raqeebah mọ̀ pé oríkì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá ti gorí àyà, oyin gan-an a máa korò lẹ́nu.

Ìyá arúgbó náà dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Àwọn àdán ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ jẹ, wọ́n ń já lu ewé dóńgóyárò lókè, ìyẹ́ wọn ń dún bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da omi abọ́ náà sídìí igi, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bò ó.

Nígbà tó wọlé, Raqeebah lọ síbẹ̀. Ó fi ìka kan ilẹ̀ tútù náà. Ó dúdú, ó sì ń dán fírífírí. Àwọ̀ tó ń rí lójoojúmọ́ lábẹ́ èékánná ara rẹ̀ ni, kò sì dá a mọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ló ń dà níbẹ̀," ó wí fún Mísbáù. "Mo fojú ara mi rí i."

"Ìyá tó bí mi lò ń sọ."

"Bàbá Rahim, mi ò sọ pé kì í ṣe òun ló bí yín. Mo ní mo rí i."

Mísbáù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí sọ́wọ́. Ọkùnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ kì í lágbára àríyànjiyàn.

Wọ́n gbé Abdul-Rahim lọ sọ́dọ̀ Alfa Àrówólò ní Zongo Madina, ẹni tó máa ń tẹ yanrìn, tí àwọn ènìyàn sọ pé kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Alfa tẹ yanrìn, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa yanrìn tì, ó fa ọmọ sún mọ́ra, ó la ẹnu rẹ̀ wo èrìgì, ó sì tẹ inú rẹ̀ tí ó le bí ìlẹ̀kùn.

"Mi ò rí àjẹ́ kankan níbí," ó wí. "Ara ọmọ yìí ló ń ké. Ẹ gbé e lọ ọsibítù lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ má sì fún mi ní nǹkan kan."

Abíọ́lá tó tẹ̀lé wọn lọ bínú jáde. "Alfa tí kò lè rí àjẹ́ lásán, irú alfa wo nìyẹn? Ọsibítù tí a ti mọ̀nà rẹ̀ kí á tó wá. Mo mọ èyí tó gbóná jù ú lọ ní Nima."

Raqeebah nìkan ló gbé ọmọ lọ. Dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà tó o gba ẹ̀jẹ̀ lára Abdul-Rahim, ó ní kó padà wá. Nígbà tó padà lọ́jọ́ Àlàmísì tó tẹ̀lé e, dókítà ti ìlẹ̀kùn, ó tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀.

"Òjé, irin olóró nì, ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, Maame. Ó pọ̀. Òun ló ń run ún nínú, òun ló ń mú un gbàgbé nǹkan. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọmọ ọwọ́, gìrì ló ń fà." Ó fi ìka kan etí ojú Abdul-Rahim, ó wo dúdú tó kù lórí ìka náà. "Inú òkúta tìróò ni òjé pọ̀ sí. Irú tìróò wo lẹ ń lò fún un?"

"Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ni."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ojú Ẹwà."

"A ti ń gbọ́ orúkọ yẹn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é? A fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọmọ mìíràn."

Àwòrán ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀ yìí kan náà ló wà lára agolo yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ọmọ mú, ó ká èékánná rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ kí dókítà má baà rí wọn.

"Rárá," ó wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó fi tẹ̀sùbáà lé e lórí. Bí ó ti ń rìn jáde, ó ń ṣe àsítágífirù, ó ń tọrọ àforíjì lábẹ́ ahọ́n, ṣùgbọ́n àdúrà ẹni tó ń sá fún òtítọ́ kì í ga kọjá àjà.

Ọjọ́ kejì ni ìpàdé. Abíọ́lá ló ti pe gbogbo wọn kí Raqeebah tó padà dé láti ọsibítù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kún pálọ̀: Bàbá Fatawu, àbúrò bàbá Mísbáù tó ń gbé Sabon Zongo, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí méjì, àwọn aládùúgbò tí a pè àti àwọn tí a kò pè. Ìyá Àgbà jókòó lórí ìpèkù, àpótí kékeré kan. Raqeebah jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, báàgì wà lórí itan.

Bàbá Fatawu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ máa ń da omi sídìí igi láfẹ̀mọ́júmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi kí ni?"

"Omi tí mo fi fọ ojú ọmọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni jí adìyẹ gbé?"

"Ìyá rẹ̀ ní kí n má fọwọ́ kan ojú ọmọ òun mọ́. Ilé rẹ̀ ni, mi ò fẹ́ ìjà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ọmọ náà kì í bì."

Abíọ́lá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó mọ ọjọ́ tí yóò bì, ó mọ ọjọ́ tí kò ní bì. Ìwọ arúgbó yìí, ìwọ lo ń fún un ní àkókò ni?" Ó ti yọ ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Mísbáù kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò yọ òun nínú kànga. "Raqeebah, ìwọ nìkan lo rí i. Sọ ohun tí o rí."

Raqeebah rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun na ọwọ́ sínú báàgì, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá jáde, Ojú Ẹwà ti kú nìyẹn, àti Makola, àti Kumasi, àti orúkọ. Èyí tó burú jù ni pé wọn yóò bi í pé ta ló lé tìróò sójú Nasrullah láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu ìyá olè.

"Mo rí wọn," ó wí. "Omi dúdú ni wọ́n dà."

Kò parọ́. Ìdajì òtítọ́ ló sọ, ìdajì òtítọ́ sì máa ń mú ju ọ̀bẹ lọ.

Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ dìde kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́. Ó mi aṣọ rẹ̀ gbọ̀n. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ìjọba ní kí àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, kó ẹrù wa kúrò ní Ghana. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Mo gbé ẹrù lérí, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò mọ̀nà ọjà rẹ̀. Mo padà wá nítorí ibí ni mo mọ̀ nílé. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì ń bọ̀, tí yóò jẹ́ pé ọmọ mi ni yóò wa ọkọ̀."

Ó wo Raqeebah fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò bú u, kò sì ṣépè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mísbáù gbé e lọ sílé Bàbá Fatawu ní Sabon Zongo.

Ọjọ́ kejì, Raqeebah ní ariwo ẹ̀rọ ń dí òun lọ́wọ́ ìrun, ó ní kí wọ́n kó o lọ sí abẹ́ páánù kan ní ìkángun Alajo. Ó kó gbogbo tìróò inú ilé dànù. Ó fọ ìrọ̀rí, ó fọ kọ́tìnì, ó fi omi nu ògiri. Ó ń fún Abdul-Rahim ní oògùn ọsibítù, ó sọ fún àwọn ará ilé pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ń tà lọ́jà, kò dáwọ́ títà dúró.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, inú ọmọ rọ̀. Ó ń jẹun, ó ń sáré yí ọkọ̀ ká.

"Ẹ wá wò ó," Abíọ́lá ń wí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. "Arúgbó jáde, ọmọ yá. Ẹ tún fẹ́ ẹ̀rí mìíràn?"

Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ọjà tilẹ̀ wá yá sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ́gun ayé nínú ilé, ohun tó bá fọwọ́ kàn ní ìbùkún nínú. Àṣeyọrí ń gun orí àṣeyọrí, ojú sì ń ti ẹni tó ni ín láti wo dígí. Bí Mísbáù bá ti ọjà dé, inú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Raqeebah lọ pè é wá jẹun.

"Ó yẹ kí inú mi dùn," ó wí láti inú ọkọ̀. "Ọmọ mi yá. Ṣùgbọ́n mo lé ìyá mi nílé. Ìwọ, báwo lo ṣe ń jẹun ní tìẹ?"

Abdul-Rahim náà béèrè nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ láṣọ: "Màámi, ta ni yóò máa kì mí láàárọ̀?"

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Makola lọ́sàn-án ọjọ́ Àtàláátà tí ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ó wọ aṣọ báńkì, ó pọn ọmọ. Lọ́pẹ́ lòun ń jẹ́, ó ní, Èkó ni wọ́n ti gbé òun wá síbí fún iṣẹ́, kò tíì pé ọdún méjì.

"Kì í ṣe tìróò ni mo wá rà lónìí, Hajia. Ojú Ẹwà wà nílé, òun ni mo ń lò fún ọmọ yìí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá rí."

Ó tú ọmọ náà sílẹ̀. Ọmọbìnrin ni, apá rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ dúdú roro ní etí, ó ń dán.

"Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Wọ́n ní irú rẹ̀ ṣe ọmọ tiyín, wọ́n ní nígbà tí ẹ lé màmá yẹn lọ ni ara rẹ̀ yá. Tèmi náà wà nílé. Ìyá ọkọ mi ni. Láàárọ̀ á máa wẹ ọmọ, á máa kùn lẹ́nu. Pásítọ̀ wa ní òun kò dá sí i. Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹ ṣe ṣe é. Ọ̀la ni mo fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀."

Raqeebah fi ojú inú rí arúgbó kan tí kò mọ̀ rí, tó jókòó lórí ìpèkù nínú pálọ̀ kan tí òun kò dé rí. Raqeebah bu omi sínú abọ́. Ó gba ọmọ náà, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi dúdú. Lọ́pẹ́ ń wò ó, kò yé e.

"Gbé e lọ ọsibítù nísinsìnyí," Raqeebah wí. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Má lé e."

"Òjé? Ta ló fi òjé sí ọmọ mi lára?"

Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá a tajà di agolo lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó.

"Èmi ni," ó wí.

Lọ́pẹ́ já ọmọ rẹ̀ gbà. "Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò pariwo. Ó kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo ibi tí yóò tutọ́ sí, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ láì dágbére. Raqeebah ní kí wọ́n kó gbogbo agolo kúrò lórí pẹpẹ, kí wọ́n má ta ẹyọ kan mọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan.

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní lágbàlá Bàbá Fatawu ní Sabon Zongo nígbà tó dé. Raqeebah kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wá ẹní.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni. Tìróò mi ni."

Ọwọ́ arúgbó kò kúrò nínú ẹ̀wà. "Abdul-Rahim ńkọ́?"

"Ó ń sáré. Ó ń béèrè yín."

Ọwọ́ náà dúró. Raqeebah yọ ìwé jáde, ó nà án sí i. "Mi ò mọ̀wé," Ìyá Àgbà wí, "kà á fún mi." Ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ti ń lọ. Nígbà tó parí, arúgbó ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí tó lọ ńkọ́? Ṣé ohun kan náà ni?"

"Wọn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀."

Ìyá Àgbà fi etí ìró nu ojú. Nasrullah ló ń sunkún fún, kò tíì sunkún fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè, "Ọjọ́ wo ni wọ́n fún ọ ní ìwé yìí?"

"Ọjọ́ Àlàmísì."

"Jímọ̀ ni wọ́n jókòó lé mi lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó wà nínú báàgì lórí itan mi." Ó wólẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. "Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọkọ̀ wà lójú títì. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Mi ò tún ní ta agolo kan mọ́."

"Kí n padà sílé gẹ́gẹ́ bí kí ni? Àjẹ́ tí wọ́n forí jì? Bí mo bá tẹ̀lé ọ báyìí, orúkọ rẹ ni yóò tún dára sí i. Wọ́n á ní, ẹ wo ìyàwó rere, ó tún gba àjẹ́ padà sílé."

Raqeebah kò lè gbé orí sókè. Òótọ́ ni. Bí wọn yóò ti sọ ọ́ gan-an nìyẹn, òun yóò sì tún ṣe àmín.

"Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, Ìyá, mi ò lórúkọ mọ́ ní Accra."

"Mo mọ̀. Èmi náà kò lórúkọ níbẹ̀ báyìí." Arúgbó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n Raqeebah sókè jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kò le. "Àbẹ̀kẹ́, bá mi pe gbogbo àwọn tó jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí o sì ka ìwé náà fún wọn lójú mi."